Kí N Tó Pè É Ní Jefa

"Aṣọ yìí ò tíì gbẹ tán tí wọ́n fi ká a."

Ohun tí ìyàwó mi sọ kẹ́yìn fún mi nìyẹn. Kò pè mí. Kò ní ó dìgbà. Ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì sùn. Èmi ní, "Ó dáa, sinmi." Ó dáa... Kí ló dáa níbẹ̀?

Mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ílà ni kí n máa wò. Ọwọ́ aago tó wà lára rẹ̀ ò tíì dé ojú ìlà. Bí kò bá tíì débẹ̀, omi ò tíì gbóná tó, kò sì sí ẹ̀rọ kankan tó lè ṣiṣẹ́. Mo jókòó lórí ike tí mo dojú rẹ̀ dé. Sípánà wà lórí itan mi. Kò sí nǹkan kan tí mo fẹ́ fi tú. Ó kàn dáa kí ọwọ́ rí nǹkan dì mú.

Ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì la wà yìí, lókè òkun, lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí àwọn tó ń sùn lókè ò ní dé láéláé. Wọ́n ń sùn lórí iṣẹ́ wa, wọn ò mọ̀ wá. Ọṣẹ ń rùn. Ògiri ń làágùn. Àwọn obìnrin ò tíì dé. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà rọ́bà, wọ́n á so ápírọ́ọ̀nù mọ́dìí. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á dúró. Wọ́n á máa wò mí.

Wọ́n tọ̀nà. Èmi ni wọ́n ń dúró dè.

Òní sì ni. Máníjà ló sọ ọ́ lánàá, ó tilẹ̀ di apá mi mú: "Bàbá, kì í ṣe ìjà. Bí ilé ìfọṣọ yìí ò bá ní olórí títí di ọ̀la, màá mú ẹnì kan wá láti ìta. Iṣẹ́ ni." Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó wá síbi ìsìnkú, ó dúró sẹ́yìn, kò jẹ́ kí n rí i pé ó ń nu ojú. Ṣùgbọ́n ọ̀la tó wí náà ló di òní yìí.

Ẹni tó yẹ kó jẹ olórí wà ńlẹ̀. Igbákejì ìyàwó mi ni. Ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ló ti kọ́ iṣẹ́, láti ìgbà tó ti ń da aṣọ funfun pọ̀ mọ́ aláwọ̀. Ó ń tètè dé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin ò kórìíra rẹ̀ — wọn kàn ò pè é ní nǹkan kan. Bó bá ní kí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ síbí, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á wò mí, wọ́n á wá gbé e jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá àlejò gbé ẹrù. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ò ṣeé ṣe báyìí. Àpò ìrọ̀rí ń ṣìnà láti àjà kan sí òmíràn. Aṣọ ìnura tí kò tíì funfun ń gòkè lọ bá àlejò. Kò sẹ́ni tó lẹ́nu láti sọ pé ó tó, ẹ dá a padà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, mi ò sì fẹ́ tu ú jáde.

Jefa.

Èdè Sípáníìṣì ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin ibí, èdè tí ìyá wọn fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún nìyẹn. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pè é, èémí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ — bí ẹni tó ń mí sójú gíláàsì kó tó nù ún. Mo fẹ́ràn bó ṣe ń dún bí wọ́n bá pe ìyàwó mi bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni pé gbogbo ilé mí jáde.

Bó ṣe máa ń rí ni pé... Láràárọ̀, kí ẹ̀rọ kankan tó yí, olórí á mú aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan nínú èyí tó gbẹ mọ́jú. Á pe ẹnì kan. Ẹni tó bá wù ú ni — ẹni tí ojú rẹ̀ wú, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tí òun àti olórí jà lánàá. Wọ́n á dúró láàárín ilé, oníkálukú á di igun méjì mú. Wọ́n á nà án. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n, á dún pàá. Wọ́n á wá rìn pàdé ara wọn. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé, ẹnì kejì á kó igun tirẹ̀ lé olórí lọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀, á gbé ìṣẹ́po ìsàlẹ̀. Wọ́n á tún pàdé. Bó bá ká tán, gbogbo wọn á ní, "Buenos días, jefa." Ẹ kú àárọ̀, ọ̀gá wa. Ìgbà yẹn lèmi á tó tẹ iná. Ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó máa rí bẹ́ẹ̀. A kàn bá a bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí jefa tó ṣáájú fẹ́ fẹ̀yìn tì, ìyàwó mi ló pè sí aṣọ àkọ́kọ́. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n pàdé. Ìyàwó mi fẹ́ kó igun tirẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Màmá yẹn ò gbà á. Tirẹ̀ ló kó lé ìyàwó mi lọ́wọ́. Ó ní, "Jefa." Ó fi igun náà sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ lọ gbé ìsàlẹ̀ aṣọ, tòun ti ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́ nìyẹn.

Ìyàwó mi ò rí ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán kan lásán ló ní ó rẹ òun. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù tòun ti ápírọ́ọ̀nù rẹ̀ nínú báàgì, torí ó ní òun ń padà bọ̀.

Aago ń gòkè. Díẹ̀díẹ̀.

Àgbà ló dá a sílẹ̀ pé èmi ni kí n pè é. Àgbà — obìnrin tó ń fi áyọ́ọ̀nù ṣiṣẹ́ nídìí fèrèsé, òun ló pẹ́ jù nínú wọn. Ìdí tábìlì yẹn ló ti kọ́ èdè wa lẹ́nu ìyàwó mi. Bí ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ ọlọ́ṣẹ ló ṣe ń sọ ọ́: ó ń fara balẹ̀, kì í sì í ṣubú. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ò lè dá fò láti orí òkú sórí alààyè. Ẹnì kan ló máa gbé e kọjá. Ìwọ lo kù."

Mo ní, "Èmi kì í ṣe ara yín nídìí aṣọ. Ẹ̀rọ ni tèmi."

Ó ní, "Ta ló wá ń bá a sùn láti ọjọ́ yìí? Ẹ̀rọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rẹ́rìn-ín láti ìgbà náà. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu mi là, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ìwọ lo kù. Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo kù.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pè é... mo ṣì lè kà wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wọ etí mi. Èmi tí mi ò kọjá ilé ẹ̀kọ́ girama, tí mo rò pé èdè tí mo mọ̀ tó mi lò.

Capitana. Ọjọ́ tí páìpù ńlá bẹ́ nìyẹn. Omi gbígbóná ń tú, àwọn obìnrin ń ké. Èmi wà nínú rẹ̀ dé orúnkún, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń tì í. Ìyàwó mi gun orí tábìlì. Kò pariwo. Ó kàn ń nàka: ìwọ, ilẹ̀kùn. Ìwọ, iná. Ìwọ, fún un ní tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó parí, Àgbà kan sáárá sí i, ó ní, "¡Capitana!" Mo bi í pé kí ló jẹ́. Ó ní obìnrin tó ń darí ọkọ̀ ojú omi. Ìyàwó mi wo omi tó kún ilẹ̀, ó ní, "Ọkọ̀ tó ti rì ńkọ́?"

Alcaldesa. Obìnrin tó jẹ́ olórí ìlú. Èyí wà fún ọjọ́ tí wọ́n bá ń jà lórí fèrèsé: ẹni kan ní kí wọ́n ṣí i, ẹni kan ní òtútù ń mú òun. Á gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì, á wá pàṣẹ. Bí kò bá tẹ́ ẹnì kan lọ́rùn, wọ́n á yí orúkọ náà padà, wọ́n á ní jueza, adájọ́, wọ́n á sì fún ẹnu pọ̀ bí ẹni tó jẹ ọsàn kíkan.

Doña, ìyẹn ọjọ́ tí inú bá bí i. Wọ́n á sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "La doña ń bọ̀ o." Kóówá á mú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Presidenta, ìyẹn ọjọ́ tó bá wọ bàtà tuntun.

Gobernanta ni ti inú ìwé, ti àwọn ará òkè. Bí àwọn òtẹ́ẹ̀lì wọn lọ́hùn-ún ṣe ń pe obìnrin tí yàrá àti aṣọ wà níkàáwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ó ń dún bí ẹni tó ń gbé kọ́kọ́rọ́ sùn.

Jefa sì ni ti gbogbo ọjọ́. Ti ọjọ́ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Èmi ńkọ́? Kí lèmi ń pè é? Nílé... Mi ò pè é ní nǹkan kan. "Gbọ́ ná." "Ṣé o wà ńbẹ̀?" Ohun tí mo ń sọ nìyẹn bí mo bá wọlé: ṣé o wà ńbẹ̀? Á ní, "Ibo ni kí n wà?" Lálẹ́ àná mo tún sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó mọ̀. Mo wá lọ gbé omi kaná.

Ní ọjọ́ kan, nídìí tábìlì náà, Àgbà ní nígbà ti ìyá ìyá òun, ìyàwó olórí ìlú ni wọ́n ń pè ní alcaldesa. Ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ni capitana. Obìnrin náà lè má kúrò ní pálọ̀ rẹ̀ láyé. Iṣẹ́ ọkọ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó di ẹ̀yìn ìgbà yẹn kí àwọn obìnrin tó wọnú iṣẹ́ náà fúnra wọn, ọ̀rọ̀ náà sì tẹ̀ lé wọn wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́bìnrin wá ní, "Ọkọ jefa ńkọ́? Kí là ń pè é?" Wọ́n kọjú sí mi. Àgbà gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ nàró, ó rò ó jinlẹ̀, ó ní:

"À ń pè é kó wá tún bọ́ílà ṣe."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó rẹ́rìn-ín dé ilé. Bí oúnjẹ bá jinná, á ní, "Ọkọ jefa, wá tún bọ́ílà ikùn ṣe."

Ẹ̀rín yẹn. Ọ̀fun ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀...

Nínú èdè tiwa, ọ̀gá ni ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ náà ò bèèrè bóyá ìró lo wọ̀ tàbí ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n ènìyàn ń bèèrè. Àwọn tó ń kó ọṣẹ wá, àwọn tó ń wá wo mítà, bí wọ́n bá wọlé tí wọ́n ní, "Ọ̀gá ńkọ́?", èmi ni wọ́n ń kọjú sí, torí mo ga, mo sì di sípánà mú. Mo kàn máa ń nàka sí ìyàwó mi. Wọ́n á yí ojú wò ó, ojú á tì wọ́n díẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Mi ò sọ ọ́ fún un rí pé ó dùn mọ́ mi. Lára gbogbo iṣẹ́ mi níbí, kí n máa nàka yẹn ló wù mí jù.

Mi ò ní ẹni tí mo máa nàka sí mọ́.

Wọ́n ti ń dé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn. Ẹnì kan ń wúkọ́. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí wọ́n ṣe wọlé ni wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n kí mi. Mo dáhùn. Mo rò pé mo dáhùn.

Bí mo bá pe ẹlòmíì bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi kú tán nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Níbi ìsìnkú, ara rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ. Orúkọ yìí ṣì wà níbí, ó ṣì ń dúró dè é láàárín ilé yìí láràárọ̀, bí sálúbàtà ṣe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí n wá gbé e fún ẹlòmíì wọ̀?

Ẹni yìí gan-an sì tún ni...

Ó dé. Igbákejì. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, bó ṣe ń ṣe láti ìgbà náà. Kì í dé àárín ilé. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń gbà.

Ó bá mi níbi bọ́ílà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Ipò Àǹtí kọ́ ni mò ń wá. Kí iṣẹ́ Àǹtí má bàjẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá ní kí n máa lọ, màá lọ."

Mo ní, "Ta ló ní kó o lọ?"

Ó ní, "Ẹ ò ní kí n lọ. Ẹ ò sì ní kí n wá."

Mo ń wo bàtà rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mi ò lè wò. Mi ò tíì lè wò ó láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ní ọsibítù, torí ohun tó ṣe.

Kí n kúkú rò ó. Kí n rò ó délẹ̀, bóyá á fi mí sílẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀mí ti bọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ti fa kọ́tìnì yí wa ká, wọ́n ní kí n jókòó tì í bó bá ṣe wù mí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Igbákejì wọlé, kò mọ̀, ó ti gbé ọsàn lọ́wọ́. Ó rí wa. Ó gbé ọsàn sílẹ̀. Mo ń retí kó ké. Bí mo ṣe wà yẹn, mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi ké e, torí tèmi ò jáde. Kò ké. Ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ìka méjì mú etí aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ra á wò. Ó tẹrí ba, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó mi wà gan-an. Ó pòṣé. Ó jáde.

Ó padà wọlé tòun ti nọ́ọ̀sì kan àti aṣọ mìíràn, ó ń sọ fún un pé, "Èyí tutù. Ẹ ò lè fi í sílẹ̀ lórí èyí tó tutù." Wọ́n yí i sí ọ̀tún, wọ́n yí i sí òsì, jẹ́jẹ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Igbákejì ṣẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. Ó fi ọwọ́ nà án títí kò fi sí ìwúnjọ kankan. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó bú sẹ́kún.

Mo ní lọ́kàn mi pé: Àǹtí rẹ̀ kú, aṣọ ló ń yẹ̀ wò. Irú ọkàn wo nìyí? Òkúta.

Ìyẹn ni mò ń gbé kiri. Bí wọ́n bá wò mí pé kí n pè é, ọsàn yẹn ni mò ń rí, àti ìka méjì lára aṣọ.

Aago ti kù díẹ̀. Àwọn obìnrin ti so ápírọ́ọ̀nù tán. Àgbà ti dúró nídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀, kò tíì fọwọ́ kàn án. Kò wò mí. Ó ń wo fèrèsé, èyí tó burú ju kó wò mí lọ.

Ọmọ mi obìnrin bi mí lórí fóònù pé, "Bàbá mi, kí ni Màámi sọ kẹ́yìn?" Mo ní bó bá dé a ó sọ̀rọ̀. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún ọmọ pé aṣọ ni ìyá rẹ̀ fi dágbére? Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mi ò sọ fún Àgbà. Mo ń tú u palẹ̀ lóru bí ẹni tó ń tú ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́: bóyá ó ní ìtumọ̀ kan, bóyá èmi ló fi ń báwí, bóyá ayé wa ló pè ní aṣọ tí a ká láìgbẹ. Obìnrin tó bá mi gbé láti ìgbà tí irun orí mi dúdú, ó yẹ kó ní ọ̀rọ̀ kan fún mi.

Igbákejì ti rìn dé ìdí ẹ̀rọ ìsáṣọ. Ó ṣí i. Ó fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan jáde. Ó ká apá kan rẹ̀ mọ́ra, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ojú rẹ̀ pa dé díẹ̀. Ó mi orí. Kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ó dá a padà sínú ẹ̀rọ.

Kò tíì gbẹ tán.

Ó fa òmíràn...

Dúró ná.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ìyàwó mi náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni. Ó ní ọwọ́ ń parọ́, ọwọ́ onífọṣọ ti yó omi gbígbóná, kò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í parọ́. Ó máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, nígbà tó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rò pé ó ń yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi ni. Kò yí ojú kúrò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò nítumọ̀ mìíràn: aṣọ náà tutù, ara sì ń ni ẹni tó bá sùn lé e. Ó sọ ọ́ kí ẹnì kan lè tún un ṣe.

Èmi ní ó dáa, sinmi.

Ta ló tún un ṣe?

Mi ò sọ fún un. Mo búra pé mi ò sọ fún un. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí ìyàwó mi sọ ọ́. Ó wọlé láàárọ̀ tòun ti ọsàn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan fún un, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ibẹ̀, ó gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ tí mi ò gbọ́, ó gbọ́ ọ lára aṣọ. Ó sì ṣe é kó tó sunkún. Ó kọ́kọ́ ṣe é ná.

Mo pe ìyẹn ní òkúta.

Irú ohun tí ìyàwó mi ì bá ṣe gẹ́lẹ́ ni. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ lá kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Jefa ò tilẹ̀ jẹ́ tèmi rí. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tèmi ni "ṣé o wà ńbẹ̀". Ìyẹn ń bá mi lọ sílé, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi. Èyí tó kù, tiwọn ni, ti àárín ilé yìí. Mo kàn jókòó lé e ni, bí mo ṣe jókòó lé ike yìí.

Igbákejì ti rí aṣọ tó gbẹ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, aṣọ wà ní àyà rẹ̀. Kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Àwọn obìnrin ń wò mí. Àgbà ti kọjú kúrò lára fèrèsé.

Mo dìde. Orúnkún mi dún. Mo fi sípánà sórí ike. Mo rìn dé àárín ilé, ibẹ̀ ò jìnnà, kò tilẹ̀ jìnnà rárá. Mo na ọwọ́ méjèèjì.

Ó wo ọwọ́ mi. Mo wo ojú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Ọmọdé ni. Mi ò mọ̀ pé ó rù tó báyìí. Ó wá. Ó tú aṣọ náà, ó di igun méjì mú, ó fún mi ní méjì.

Mo gbé tèmi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbóná. Ó ti gbẹ.

Ọwọ́ aago ti dé ojú ìlà.

Mi ò tíì gbé sálúbàtà ìyàwó mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tíì fọ àpò ìrọ̀rí rẹ̀. Mi ò tíì sọ fún ọmọ wa ohun tí ìyá rẹ̀ sọ. Mi ò tíì bi ọmọbìnrin tó wà níwájú mi yìí bó ṣe ń sùn lóru. Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tíì sunkún. Mi ò tíì tẹ iná. A ò tíì gbọ̀n aṣọ yìí, a ò tíì rìn pàdé. Mi ò tíì pè é. Mi ò tíì fi igun ọwọ́ mi sílẹ̀.